Martha Tó Wà ní Kìlómítà Méjì

Ràímì tó ń lẹ táyà ní orí kọ́nà Ìkòsí ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí, Aunty Roheemat, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe ìyàwó mi, Ràímì ni, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún yìí, aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo aago ọwọ́ mi, nítorí pé ohun tó bá fẹ́ ba ilé ẹni jẹ́, ó yẹ kí èèyàn mọ wákàtí tó wọlé. Mo ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ mi, ó gbójú sókè lórí táyà tó ń gbá, ó ní, "Bàbá Ìdùnnú, ẹ kú ìyàwó tuntun o." Mo ní ìyàwó wo? Ó ní Martha. Mo ní Martha wo? Ó ní Martha onígáàsì, èyí tí ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ká mọ́ ṣọ́ọ̀bù lánàá lójú gbogbo èèyàn. Ó tún ní kí n má bínú, pé òun ò mọ̀ pé ọkùnrin tó máa ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri bí èmi lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ràímì, Aunty. Ràímì tí ìyàwó mẹ́ta ti kọ̀ sílẹ̀ ni ó ń fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́.

Rárá, ẹ má tíì dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo máa wá sí Ifákọ̀ yìí nìyí láàárín ọjọ́ méjìlá. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, wọ́n ní ẹ ń sùn, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ní ẹ ò sí nílé, bàtà yín sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, méjèèjì, wọ́n kọjú sí mi. Lónìí Ọlọ́run ti jẹ́ kí n bá yín nílẹ̀, Uncle Junaid ọkọ yín ti lọ sí ìpàdé mọ́ṣáláṣí, mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín bó ṣe yẹ kí ọkọ àbúrò kí yín, ẹ ti fún mi ní omi, mo ti mu, ẹ ṣeun. Kì í ṣe omi ni mo wá mu. Ìyàwó mi ni mo wá mú lọ sílé.

Ẹ ní kí ni mo ní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí? Ó dára. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀rí tiyín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, ẹ wá kí wa ní Kétu. Ẹ jẹun tán, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀, èyí tí mo rà fún Ìdùnnú kó tó wọ yunifásítì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń fọ táǹkì omi. Ni ìwé pẹlẹbẹ kan bá yọ ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, bí orí eku ṣe ń yọ nínú ihò, ó ní, "Martha, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wà ní kìlómítà méjì sí ọ, ó ń retí rẹ." Ẹ ò pè mí. Màríyámọ̀ ìyàwó mi lẹ pè. Ẹ̀yin méjèèjì gbé orí sún mọ́ra, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Kìlómítà méjì láti Kétu, ẹ ní Ìkòsí nìyẹn. Ta ni Martha ní Ìkòsí? Ẹ ní Martha onígáàsì. Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni Bàbá Ìdùnnú máa ń gbé sílíńdà lọ? Màríyámọ̀ ní ibẹ̀ ni, lóṣooṣù ni. Ẹ ní, "O ò rí i?" Ó tán. Ẹ ti dá ẹjọ́, olùjẹ́jọ́ ṣì ń fọ táǹkì.

Aunty, gáàsì la fi ń se oúnjẹ nílé wa. Ṣé kí n lọ máa rọ gáàsì lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bàtà ni?

Fọ́tò tó wà lára ìwé náà ló wá dùn mí jù. Ẹ rí i, ẹ ò lè ní ẹ ò rí i. Obìnrin òyìnbó ni. Irun rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ, ó gbé ajá kékeré kan mọ́ àyà. Màmá Martha ti Ìkòsí, ẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó dúdú tó ń dán ni, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà, ọmọ mẹ́fà ló bí, díákónẹ́ẹ̀sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Màríyámọ̀ fúnra rẹ̀ sọ fún yín. Ó sọ ọ́ fún Ìdùnnú lórí fóònù, Ìdùnnú sì sọ fún mi láti Ìlọrin tó ti ń ṣe àgùnbánirọ̀. Màríyámọ̀ ní, "Aunty mi, èyí ò jọ Màmá Martha." Kí lẹ dá a lóhùn? Ẹ ní láyé ìsinsìnyí, fọ́tò kì í jọ èèyàn mọ́. Ó ní ọjọ́ orí ò bára mu. Ẹ ní obìnrin wo ló ń sọ iye ọdún rẹ̀ gan-an. Kò bi yín nípa ajá náà. Ká ní ó bi yín, ẹ̀ bá ní ó yá a ni.

Àwọn àgbà ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ lápá kan tó sì dá a. Mi ò ní pe orúkọ náà. Àna ni yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ irú àwọn tó ń kọ nǹkan wọ̀nyí fún yín, nítorí ó dà bíi pé ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn ju èmi lọ. Láti ọjọ́ kejìlá tí Màríyámọ̀ ti gbé báàgì, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ìwé àti bírò, ohun tó bá yọjú, mo ń kọ ọ́, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Òun nìyí lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ní kòkòrò márùn-ún ti wọ inú kọ̀ǹpútà mi, kí n tẹ òun kíákíá kí òun pa wọ́n. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó padà dé, ó ní wọ́n ti di mẹ́tàdínlógún. Òde ló wà o, kò wọlé, ó ń ka kòkòrò inú ilé onílé. Òmíràn ní mo ti jẹ fóònù tuntun, pé èmi gan-an ni ẹni tí àwọn ti ń retí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sọ ọ́ fún mi láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo jẹ fóònù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kékeré tí mo ti ń lò látọdún mẹ́fà yìí ló ṣì wà lápò mi. Ọ̀kan ń ta oògùn orúnkún fún mi, orúnkún ò dùn mí. Ọ̀kan ní ikùn mi yóò wọlé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ta ló ní kó wọlé? Ọ̀kan bi mí bóyá orí mi ń pá. Ọ̀kan sì wà, Aunty, tó ní kí n tẹ òun kí n lè mọ ibi tí ìyàwó mi wà ní ìṣẹ́jú yìí. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo mọ ibi tí ìyàwó mi wà. Ifákọ̀ ló wà, nínú ilé yín, níbi tí wọ́n ní ẹ ti ń sùn.

Martha náà wá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ló wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti di Kate. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ó di Sandra. Fọ́tò kan náà, irun òròmọdìyẹ kan náà, ajá kan náà, kìlómítà méjì kan náà, kì í sún mọ́ mi, kì í sì jìnnà sí mi. Kí ló dé tí ẹ ò wá Kate kiri? Ẹ ò rí Kate ní Ìkòsí ni?

Ẹ ní ìwé tí èmi fúnra mi kọ ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí ara mi. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò yín ni mo ti ń kọ ọ́, ọjọ́ tí Ìdùnnú kọ́kọ́ rìn wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a gbẹ́ kànga wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ṣubú ní àtẹ̀gùn wa wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ fi lélẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ àlè kì í ní ìwé irú èyí nílé, Aunty. Ìwé ni yóò kọ́kọ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Èmi ò tilẹ̀ bínú sí àwọn oníwèé pẹlẹbẹ yẹn. Ẹ̀gàn ni mo ní fún wọn, ìbínú kọ́. Ìránṣẹ́ tí kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n rán an sí, tó ń pè mí ní "oníbàárà wa ọ̀wọ́n" bí ẹni tó gbàgbé orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀. Wọn kì í kí èèyàn. Wọn kì í dúró dìgbà tí ẹ bá ráyè. Àlùfáà ń ṣe wáàsí lọ lórí kọ̀ǹpútà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ débi ìyà inú sàréè, wọ́n yọ sí i láàárín pé ikùn mi máa wọlé. Ta ní ń bínú sí eṣinṣin? Eṣinṣin kò ṣe ju iṣẹ́ eṣinṣin lọ. Ẹni tó ṣí abọ́ sílẹ̀ ni à ń bèèrè.

Mo sì bèèrè. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá yìí, ọjọ́ kọkànlélógún, bí a ti kírun tán, mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá Kọ́ládé tó ń tún wọn ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta yẹn ní Kétu. Mo ní kó bá mi wo àrùn tó ń ṣe é. Kò tíì tàn án tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní, "Daddy, kò sí àrùn kankan. Ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n láàyè." Mo ní èmi kẹ̀? Ó yí i sí mi, ó fi hàn mí. Orúkọ tò lọ bíi tàwọn ọmọ ilé ìwé, mẹ́tàlélógójì. Ó ní ibi tí èèyàn bá ti lọ wo nǹkan, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé àwọn lè máa ránṣẹ́ sí i. Bọ́tìnnì méjì ló máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan ní kí wọ́n máa bọ̀, ọ̀kan ní kí wọ́n má bọ̀. Ó ní ẹnì kan nílé wa ti tẹ kí wọ́n máa bọ̀ nígbà mẹ́tàlélógójì, kò fo ẹyọ kan. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fọ́dún mẹ́jọ, òun ò tíì rí ilé tó láájò àlejò tó báyìí.

Mo ní kó bá mi wo ọjọ́. Ó wò ó. Àkọ́kọ́, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá. Ìgbẹ̀yìn, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní. Mo délé, mo ṣí ìwé tí ẹ ní èmi ni mo kọ. Kí ni mo bá níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n kà á bó ṣe wà. "Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá, Aunty Roheemat dé láti Ifákọ̀, wọ́n ń pààrọ̀ òrùlé ilé wọn. Wọ́n mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá." Ó tún wà nísàlẹ̀. "Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìíní, Aunty Roheemat padà sílé." Ìdùnnú wà ní Ìlọrin. Èmi àti Màríyámọ̀ ń jáde láago méje, a ń wọlé láago mẹ́fà. Ta ló kù nílé, Aunty? Ta ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń yan kéèkì?

Ẹ ò gbọdọ̀ ní ẹ ò rántí, nítorí èmi rántí. Ó lọ́jọ́ kan tí mo tètè dé, mo bá yín níbẹ̀, mo rí i tí ẹ tẹ nǹkan kan. Mo ní, "Aunty, kí lẹ tẹ̀ yẹn?" Ẹ ní wọ́n tọrọ àyè ni. Mo ní kí ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ yíjú sí mi, ẹ wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ẹ ní, "Bàbá Ìdùnnú, ẹni bá kágò, àgò yà là ń dá a lóhùn. Èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi sùúrù bèèrè bóyá òun lè wọlé, mo wá ní kó má wọlé? Nínú ilé ọkọ àbúrò mi?" Mi ò lè bá yín jiyàn. Ilé àwọn Ọláìyá tí wọ́n ti tọ́ yín, ilé ẹ̀kọ́ ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó wá tọrọ ìyàwó níbẹ̀. Bí ẹni tó ń polówó ìgbálẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn wa, Màríyámọ̀ á kọ́kọ́ bu omi fún un kó tó ní àwọn ò rà. Ṣùgbọ́n Aunty, ẹni tó bá kágò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa ń wojú rẹ̀. Ẹ máa ń bi í pé ọmọ ta ni, láti ibo. Nínú mẹ́tàlélógójì yìí, ta lẹ wojú rẹ̀? Ta lẹ bi ní orúkọ bàbá rẹ̀?

Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún Martha. Ẹ̀yin yìí, pẹ̀lú ọwọ́ yín, nínú ilé mi. Ẹ sì tún padà wá lóṣù kejì, ẹ rí i tó jókòó ní pálọ̀, ẹ wá ń bi mí pé ta ni mo gbà sílé.

Ẹ má wolẹ̀, Aunty. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ burú. Àwọn tó ń kágò yẹn ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n mọ̀ pé ilé kan wà láyé yìí tí wọn ò lè sọ fún àlejò pé kó máa lọ, ilé náà ni wọ́n ń wá kiri, wọ́n sì rí i.

Kí lẹ wí? Pé ẹ ò pariwo ní Ìkòsí? Aunty, Ràímì gbọ́ yín níwájú lọ́hùn-ún, òòlù ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá, àárọ̀ kùtù, àwọn èèyàn tò sílé gáàsì pẹ̀lú sílíńdà, ẹ̀yin méjèèjì sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ẹ na ìka sí obìnrin tó ń so rọ́bà mọ́ sílíńdà oníbàárà, ẹ ní, "Ìwọ lo wà nínú kọ̀ǹpútà." Màmá Martha sọ fún mi pé òun kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti fi orúkọ òun lu jìbìtì ni. Ó ní òun bi yín pé kọ̀ǹpútà wo, ẹ ní ti ọkọ àbúrò yín. Ó ní òun bi yín pé kí lòun ń ṣe níbẹ̀, ẹ ní òun ń retí. Ó ní, "Bàbá Ìdùnnú, láti ìgbà tọ́kọ mi ti kú, mi ò retí ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ọkọ̀ tó ń já gáàsì."

Ó ń fi ṣe àwàdà fún mi ni, nítorí ó jẹ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ló ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tó ń dúró níbi kẹ̀kẹ́ ti sọ ọ́ lórúkọ. "Mummy Kìlómítà Méjì" ni wọ́n ń pè é báyìí. Díákónẹ́ẹ̀sì. Bó bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà, wọ́n á ní, "Mummy, ó ku kìlómítà mélòó?" Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lọ́jọ́ kẹtàlá. Ó ní kí n dìde, pé òun ò bá mi jà. Ó wá ní kí n jọ̀wọ́, kí n máa lọ rọ gáàsì níbòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni mo gbà kọjá lónìí, orí mi wà nílẹ̀ bí ẹni tó jalè.

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Fóònù yín ń tàn. Ó wà lórí àpótí yẹn, ẹ wò ó. Kì í ṣe ìpè? Kí ló wá dé tí ẹ fi dojú rẹ̀ dé? Ẹ yọwọ́, Aunty, mo ti rí i. Mo kàwé tó láti kà á. Ẹ jẹ́ kí n kà á sókè, ojú yín ò kúkú dára tó mọ́. "Richard, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, wà ní kìlómítà méjì sí ọ, ó ń ronú nípa rẹ."

Ta ni Richard?

Ẹ ò mọ Richard kankan. Ó dára. Kìlómítà méjì láti ibí, ẹ jẹ́ ká wò ó, àfi kó jẹ́ Ogudu. Ẹ rò ó dáadáa. Àwọn tó wá pààrọ̀ òrùlé yín lóṣù Kejìlá, ṣé kò sí Richard láàárín wọn? Kí lẹ wí? Ó wà? Richard kápẹ́ńtà? Ará ibo ni? Ará Ogudu. Mo gbọ́. Ẹ máa ń bu omi fún un? Ẹ máa ń se oúnjẹ fún un? Ọjọ́ mélòó ló lò lórí ilé yín?

Ẹ jókòó, Aunty. Ẹ má búra, kí lẹ fẹ́ fi Àlùkùránì ṣe? Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo mọ̀ pé kápẹ́ńtà kan wá kan pákó, ó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó lọ. Mi ò ní sọ fún Uncle Junaid. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé kí ni?

Ẹ ò rí i? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, mo sì gbà yín gbọ́. Mi ò wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ogudu lọ na ìka sí ẹni tó ń gé pákó. Ohun tí mo ń wá kiri láti ọjọ́ méjìlá nìyẹn, kò tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màríyámọ̀, mo mọ̀ pé o wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ń rí ìka ẹsẹ̀ rẹ. Àárín èmi àti ìwọ pé ọdún méjìlélógún, ó sì jẹ́ pé ìwé pẹlẹbẹ tó gbé ajá mọ́ àyà lo gbà gbọ́. O ò bi mí. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Ká ní o yọjú lójú fèrèsé, kí o ní, "Ta ni Martha?", màá ní Martha onígáàsì àbí òmíràn, màá wá wò ó, a ó jọ rí ajá, a ó jọ rẹ́rìn-ín, ó tán. Kì í ṣe pé o bínú ló dùn mí. Obìnrin tí kò lè bínú sí mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Pé o gbé báàgì láìbi mí ni. Mo jẹ ẹ̀bà tí mo fọwọ́ ara mi rò, Màríyámọ̀. Ó ní kókó nínú. Mo gé kókó náà sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, mo ń kà á, kí n lè rí nǹkan ṣe.

Ó ń rẹ́rìn-ín. Aunty, ẹ gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ́tìnì. Jáde wá. Gbé báàgì yẹn wá.

Ó ku ti Màmá Martha. Rárá, Aunty, fóònù ò lè ṣe é. Kì í ṣe lórí fóònù lẹ ti bú u. Ibi tí ẹ dúró sí lọ́jọ́ Ajé yẹn ni a ó dúró sí, ohùn tí ẹ lò náà ni ẹ ó lò, kí àwọn tó gbọ́ èyí gbọ́ ìyẹn. Bí ẹ ò bá lọ, ìyàwó mi á bá mi lọ sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní lè gba Ìkòsí kọjá mọ́ láyé mi, ẹ̀yin náà ò sì ní lè gba ibẹ̀ wá kí wa. Ó ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ bàtà yín. Mo mọ ibi tí wọ́n wà, ẹnu ilẹ̀kùn ni.

A ti dé Ìkòsí. Ẹ sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, Aunty, kẹ̀kẹ́ yìí ga. Òun ló jókòó yẹn, ó ṣì wọ aṣọ funfun. Ẹ má wojú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ wa, wọ́n wúlò lónìí. Màmá, ẹ kú ìsìn o. Àna mi ló ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ, kì í ṣe èmi. Aunty, ó yá. Ohùn yín ò jáde dáadáa, ti ọjọ́ Ajé ga ju èyí lọ. Ẹn-ẹ́n. Kí ẹ tún un sọ, pé ẹ̀yin lẹ gbà á wọlé, pé kì í ṣe Màmá, pé kì í ṣe èmi, pé kò sí Martha kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́? Ẹni tó bá tún pe Mummy lórúkọ yẹn, èmi àti bàbá rẹ̀ ni. Ó tó, Aunty, ẹ dìde, Màmá ti ní kí ẹ dìde, wọ́n ti ní orúnkún yín á dùn yín.

Kí lẹ wí, Màmá? Ẹ fẹ́ rí i? Ó wà lórí fóònù mi, mo yà á kí Kọ́ládé tó lé gbogbo wọn jáde. Òun nìyí. Ẹ nu awò ojú yín kí ẹ tó wò ó.

Màríyámọ̀, dì wọ́n mú, kí wọ́n má fẹ̀rín ṣubú lórí àga. Ó ní bí òun bá ní irú irun yẹn, òun ò ní ta gáàsì. Ó ní Aunty, ẹ sún mọ́bí kí ẹ jókòó, kí wọ́n lọ ra mínírà tútù wá fún yín. Ó ní kí n gbé sílíńdà mi wá lọ́la.

Kí ni aago wí? Aago mẹ́ta àbọ̀. Màríyámọ̀, bá mi mú bírò nínú báàgì rẹ. Ọ̀rọ̀ Martha parí níwájú ṣọ́ọ̀bù gáàsì ní Ìkòsí, gbogbo wa wà níbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejì ọdún 2025.